Ẹ Má Rán Ọmọ Iṣẹ́ Jáde Nígbà Tí Ẹ̀kọ́ Bá Wọlé

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iná ẹ́ńjìnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mi. Ọ̀gá pe ẹni tó ní ẹ̀rọ sìkánà. Bí onítọ̀hún ṣe ń ki wáyà bọ abẹ́ sítíárìn, ọ̀gá kọjú sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Sáré lọ bá mi ra ẹ̀wà wá."

Kí ọmọ tó dé, ẹ̀kọ́ ti parí. Ọdún kẹta rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ó mọ pọ́lọ́ọ̀gì yọ, ó mọ táyà tú. Kò fọwọ́ kan sìkánà rí.

Láìpẹ́, yóò gba fírídọ̀mù. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò. Àmọ́ ọkọ̀ tí àwọn èèyàn máa gbé wá bá a kọ́ ni ọkọ̀ tó kọ́.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nídìí ilé kíkọ́ náà nìyẹn. Ẹ bi àwọn tó ń kọ́lé l'Ékòó. Tó bá ku táìlì, ọ̀pọ̀ wọn á ní àwọn ń wá ọmọ Kútọnu tàbí ará Tógò. Kò burú, iṣẹ́ tó dán ló ń pe olówó. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Iṣẹ́ wà, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ni kò tó.

Ìjọba ní ẹ̀bi tirẹ̀. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n kó wá fún iléèwé ló dípẹtà sínú àpótí. Ẹ jẹ́ ká máa bá wọn wí, ṣùgbọ́n ká má dúró dè wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ pe ọmọ iṣẹ́ sítòsí nígbà tí iṣẹ́ bá le. Ẹ jẹ́ kó di téèpù mú, kó wọn ilẹ̀, kó ṣírò iye táìlì fúnra rẹ̀. Oúnjẹ lè dúró.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀? Tó bá jẹ́ iṣẹ́ iná, ṣé wọ́n mọ̀ nípa sólà àti ìnfátà, àbí jẹnẹrétọ̀ nìkan? Ohun tí ọmọ yóò kọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn.

Ẹ̀yin tó ti gba fírídọ̀mù, ẹ lọ ṣe ìdánwò Trade Test ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìpele kẹta la fi ń bẹ̀rẹ̀, ìpele kìíní ló ga jù. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á gbẹnu sọ fún yín níbi tí wọn ò ti mọ̀ yín.

Ẹ̀yin onílé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ní kí ẹ san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ yín fún àjọ ITF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 nítorí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ san án, kí ẹ sì béèrè ẹ̀kọ́ tó kan iṣẹ́ yín.

Àwa oníbàárà náà lẹ́nu. Ká kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wò ó." Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Èmi dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mò ń padà lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Màá ra ẹ̀wà dání.