Oògùn Nìkan Kò Tó

Àwọn kan wà tí ọkàn wọn ń lù ségesège, tí wọ́n ń lo oògùn, síbẹ̀ tí iyọ̀ àti Magí kún inú ọbẹ̀ wọn. Wọ́n ní oúnjẹ kò kan ọkàn. Irọ́ gbáà ni! Àpọ̀jù iyọ̀ a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa da lílù ọkàn rú. Ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kí ó fa rọpárọsẹ̀. Ìwádìí ìlú Adelaide, ní Ọsirélíà, ní 2015, fi hàn pé aláìsàn tó sanra jù, tó sì fọn tó ìdá 10 nínú 100, ni àrùn náà ń fi sílẹ̀ jù. Ẹni tó da oògùn nù náà ṣìnà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àjẹjù tí Ìsìláàmù kọ̀ ni ọkàn náà kọ̀.