Ẹ̀yin Awakọ̀, Ẹ Ṣọ́ra fún Oògùn Tí Ń Múni Sùn

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti bá àwọn awakọ̀ àti oníkẹ́míìsì àdúgbò wa sọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹni tó ń gbé Ọjọ́, Iba àti Okokomaiko ló mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá ti dé, wàhálà imú dé nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba eruku òpópónà Badagry àti èéfín tírélà, á máa sín, ojú á máa yún un, imú á sì máa ṣàn. Ó yẹ kó lo oògùn. Ṣùgbọ́n oògùn wo?

Piriton ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Láyé ìgbà tí chloroquine la fi ń wo ibà, òun la fi ń pa ara yíyún tó ń tẹ̀lé e. Oògùn náà dára, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń wọnú ọpọlọ, ó sì ń kun ènìyàn lóorun. Ẹni tó lò ó tó lọ sùn kò jẹ̀bi. Ẹni tó lò ó tó jókòó sídìí ọkọ̀ ńkọ́?

Lóṣù tó kọjá, mo wọ dánfó ní Ìyànà-Iba, mò ń lọ sí Mile 2. Kí a tó gbéra, dírẹ́bà tó ń sín ra hóró méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn, ó gbé e mì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí a fi máa dé ìtòsí Trade Fair, ó ti ń tòògbé. Ọpẹ́lọpẹ́ kọ̀ńdọ́ tó gbá a léjìká ni a kò fi wọ abẹ́ tírélà.

Bẹ́ẹ̀, oògùn mìíràn wà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí loratadine ti wà. Hóró kan, 10 mg, ni àgbàlagbà ń lò lóòjọ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kun ọ̀pọ̀ ènìyàn lóorun. Cetirizine náà wà, àmọ́ ó ṣì ń kun àwọn kan. Kéèyàn kọ́kọ́ dán an wò lọ́jọ́ tí kò ní wakọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi páragà lé e. Bí ojú tàbí ahọ́n bá wú, tí mímí sì nira, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oògùn oníhóró, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àwọn kan á ní loratadine wọ́n ju Piriton lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo ló wọ́n jù, owó oògùn ni àbí ẹ̀mí èrò mẹ́rìnlá?

Mo bẹ àwọn oníkẹ́míìsì wa: kí ẹ tó ta oògùn ọ̀fìnkìn, ẹ bi oníbàárà yín pé, "Ṣé ẹ máa wakọ̀ lónìí?" Kí àwọn aláṣẹ gáréèjì náà lé àwọn tó ń kiri oògùn, òfin kò gbà á. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí dírẹ́bà bá ń sín, ẹ jẹ́ kó lajú sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Èrò Ọkọ̀,
Okokomaiko, Èkó.