Ìkòkò Aró àti Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Méjì

Bí ẹ bá bi ọmọ SS3 ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí pé kí ni oxidation, wéré ni yóò dáhùn: kí ọ́ksíjìn kún nǹkan. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdajì yòókù wà nínú ìkòkò aró.

Òwú tí wọ́n rẹ ní aró ni àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn fi ń hun aṣọ ẹtù láyé àtijọ́. Aláró a gún ewé ẹ̀lú, a ṣù ú, a sá a sóòrùn. Àmọ́ àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ kì í yòrò nínú omi, ohun tí kò sì yòrò kò lè ráyè wọnú òwú. Ìdí nìyí tí aláró fi ń rẹ ẹ́ sínú omi eérú, tí á bò ó, tí á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan.

Lábẹ́ ọmọrí ìkòkò yẹn, àwọn bakitéríà tí ojú kò lè rí ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fún àwọ̀ aró ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Gbígbà tí aró gbà á yìí là ń pè ní reduction; pípàdánù rẹ̀ ni oxidation. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Aró jẹ́ C₁₆H₁₀N₂O₂. Háídírójìn kọ̀ọ̀kan ní +1, ọ́ksíjìn −2, náítírójìn −3. Ìyẹn ni +10 −4 −6, èyí tó jẹ́ òdo. Nítorí náà, òdo ni ti gbogbo kábọ́nù lápapọ̀. Lẹ́yìn reduction, ó di C₁₆H₁₂N₂O₂: +12 −4 −6 jẹ́ +2. Kí àròpọ̀ tó lè padà di òdo, kábọ́nù gbọ́dọ̀ di −2. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló wọlé. Ẹ tún wo ọ́ksíjìn: méjì ló wà tẹ́lẹ̀, méjì náà ló ṣì wà. Ẹni tó ń ka ọ́ksíjìn nìkan yóò ní nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni eérú ń ṣe? Potassium carbonate inú rẹ̀ ń gba H⁺ lọ́wọ́ omi, OH⁻ a sì ṣẹ́kù. OH⁻ yìí ló ń já H⁺ kúrò lára aró tó ti gba reduction, ìgbà náà ló tó lè yòrò. Ẹ má pe èyí ní oxidation o: H⁺ lọ, ṣùgbọ́n kò mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan dání. Bakitéríà sì tún ń pèsè ásíìdì. Bí omi eérú bá kéré jù láti pa agbára ásíìdì náà, aró bàjẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí aláró bá fa òwú jáde, àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ jọ ti ewé ni yóò kọ́kọ́ rí. Kó tó sá a tán, ó ti ń di búlúù lójú rẹ̀. Ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ ló gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì: aró gba oxidation, ọ́ksíjìn fúnra rẹ̀ gba reduction. Aró kò lè yòrò mọ́, inú òwú ló sì há sí. Ìdí nìyẹn tí omi lásán kò fi lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n ṣe láìlo ewé. Lónìí, ọ̀pọ̀ aláró ń lo kọ́sítíìkì sódà dípò eérú, wọ́n sì ń lo sodium hydrosulphite dípò bakitéríà. Ohun èlò yí padà. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì náà ni.

Bí ìbéèrè redox bá dé nínú ìdánwò WAEC, ẹ má kọ́kọ́ wá ọ́ksíjìn. Ẹ bi ara yín pé: ta ló fún ni, ta ló gbà, mélòó ni?