Àwọn Tó Yẹ Kí Wọ́n Pé Jọ Tún Ìlànà Atọ́nà Ṣe fún Okùn Ìmọ́lẹ̀

Iṣẹ́ títún ìlànà atọ́nà ṣe kí ó lè bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì okùn fáíbà mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò nìkan. Ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n pè síbi iṣẹ́ náà ni pẹ̀lú. Ìlànà atọ́nà ni àdéhùn tí àwọn ráútà, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti ibì kan sí òmíràn, fi ń sọ fún ara wọn bí ọ̀nà ṣe rí. Okùn fáíbà sì ni okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé dátà gbà kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ráútà nìkan ló pé jọ, ìwà ìmọ́lẹ̀ yóò di ohun ìgbàgbé. Bí ó bá sì jẹ́ àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ nìkan, wọn yóò tún máa wá ojútùú sí ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti yanjú tipẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè.

Ìlànà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni OSPF. IETF, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 1986, ló tẹ ẹ̀dà rẹ̀ kejì jáde bí ó ṣe wà lónìí ní ọdún 1998. Lábẹ́ OSPF, ráútà kọ̀ọ̀kan a máa kí àwọn tó múlé tì í lóòrèkóòrè, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ibi púpọ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ń kéde ipò àwọn ọ̀nà tó yí i ká, gbogbo ráútà a sì fi irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ya àwòrán ilẹ̀ kan náà, kí wọ́n tó fi ọgbọ́n ìṣirò tí Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, tẹ̀ jáde ní ọdún 1959 wá ọ̀nà tó kúrú jù lórí rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí ọ̀kan bá dí, àwòrán náà yóò yí padà, dátà yóò sì gba ibòmíràn.

Ìwà ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí lọ́nà mẹ́ta. Lákọ̀ọ́kọ́, ráútà a máa wo àdírẹ́sì tó wà lára ìdì dátà kọ̀ọ̀kan kí ó tó mọ ibi tí yóò darí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń fi dígí kékeré yí ìmọ́lẹ̀ láti okùn kan sí òmíràn kì í ka ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà gbé. Nítorí náà, kò lè gbọ́ ìkíni tó gba inú ìmọ́lẹ̀ yẹn kọjá, ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà ẹrù.

Èkejì ni pé okùn kan ṣoṣo lè gbé 80 àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé dátà tirẹ̀. Bí wọ́n bá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tó dá dúró, àwòrán ilẹ̀ náà yóò kún jù. Síbẹ̀, níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ àwọ̀, àwọ̀ tí dátà bá gbé kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò gbé dé òpin, tí ẹlòmíràn bá sì ti ń lo àwọ̀ yẹn níbì kan láàárín, ọ̀nà ti dí fún un nìyẹn. Ẹ̀kẹta, agbára ìmọ́lẹ̀ a máa dínkù bó ṣe ń lọ, ẹ̀rọ tó ń sọ agbára rẹ̀ dọ̀tun a sì máa fi ariwo kún un, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán, débi pé ọ̀nà tó kúrú jù lórí àwòrán lè má jẹ́ èyí tí dátà yóò gbà dé láìbàjẹ́.

IETF gbé iṣẹ́ yìí lé ikọ̀ tí wọ́n ń pè ní CCAMP lọ́wọ́. Ní ọdún 2004 ni ètò GMPLS, tó ya ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ kúrò lára ọ̀nà ẹrù, jáde; àfikún tó mú OSPF bá a mu sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2005. Ọdún 2005 kan náà ni ìwé mìíràn láti IETF to àwọn ìdíwọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń bá pàdé lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n ó di ọdún 2015 kí àfikún tó jẹ́ kí OSPF kéde àwọn àwọ̀ tó ṣí sílẹ̀ tó jáde. Ohun tí ọdún mẹ́wàá yẹn ń kọ́ni ni pé apá tó jọ iṣẹ́ ráútà ló kọ́kọ́ yá, apá tó jẹ́ ti ìmọ́lẹ̀ gan-an ló kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni apá kejì yìí ló ń pinnu bóyá ọ̀nà kan ṣeé gbà.

Àwọn kan lè sọ pé ó sàn kí wọ́n kọ ìlànà tuntun látòkèdélẹ̀. Èsì sí èyí wà nínú OSPF fúnra rẹ̀: láti ọdún 1998 ni ó ti ní irú ìkéde kan tó dà bí àpò, tí ráútà tí kò lóye ohun tó wà nínú rẹ̀ lè gbé fún ẹni tó kàn láìṣí i wò. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ nílò lè wọ inú àpò yẹn láìda iṣẹ́ àtijọ́ rú. Nítorí náà, àṣẹ tí wọ́n bá fún ikọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ààlà: kí wọ́n fi kún un, kí wọ́n má ṣe rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ku ẹni kẹta tó yẹ kó wà níbẹ̀, ìyẹn ẹni tó mọ ibi tí okùn gbà kọjá. Àfikún ọdún 2005 fàyè gba nọ́ńbà tó ń fi hàn pé ewu kan náà ló ń dojú kọ àwọn ọ̀nà kan, bíi ọ̀nà púpọ̀ tó jọ gba orí afárá kan ṣoṣo; ṣùgbọ́n ráútà kò lè dá nọ́ńbà yẹn mọ̀, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ fi sí i. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó ń sin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ pa pọ̀ ní etíkun Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà. Lórí àwòrán, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n. Nísàlẹ̀ òkun, ewu kan ni.

IETF kì í gba owó ọmọ ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè dá sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń tọ́jú okùn tó gúnlẹ̀ sí Èkó lo àyè yẹn, nítorí pé àwọn ló mọ ibi tí okùn méjì ti ń sún mọ́ra ju bó ti yẹ lọ, kò sì sí ìlànà tó lè kéde ohun tí ẹnì kankan kò sọ fún un.