Ẹgbẹ́ Tó Gba Owó Ọmọ Ló Yẹ Kó Kọ́ Ọ Ní Sísáré Lórí Yìnyín

Kò sí òbí tó sanwó ilé-ìwé ní Nàìjíríà tí kò mọ lẹ́sìnnì. Òbí á san owó ilé-ìwé tán, wọn á tún sọ fún un pé bó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀wé dáadáa, kó san owó mìíràn fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ohun tó yẹ kí tíṣà fi kọ́ gbogbo ọmọ ní kíláàsì á wá di ọjà tí ẹni tó lówó nìkan ń rà. Irú ìwà yìí ti fìdí múlẹ̀ nínú eré ìdárayá àwọn ọmọdé ní Kánádà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé báyìí. Ó tó àkókò kí a pè é ní orúkọ rẹ̀: ìrẹ́jẹ ni.

Họ́kì orí yìnyín àti ringette ni mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ nípa họ́kì. Ní ti ringette, Sam Jacks ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1963 ní ìlú North Bay, ní ìpínlẹ̀ Ontario, fún àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀pá gbọọrọ ni wọ́n fi ń ti òrùka rọ́bà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gbé òrùka náà kọjá ìlà aláwọ̀ aró. Ó ní láti tì í sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò bá lè sáré dé ibi tí òrùka ń lọ, òǹwòran ni láàárín pápá. Nínú eré méjèèjì, ẹsẹ̀ ni ìpìlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní power skating. Orúkọ náà ń tan ènìyàn jẹ, bí ẹni pé agbára nìkan ni. Ọgbọ́n ni. Irin abẹ́ bàtà náà ní etí méjì, ti inú àti ti òde. Olùkọ́ á kọ́ ọmọ bí yóò ṣe tẹ orúnkún, bí yóò ṣe na ẹsẹ̀ tó fi ń ti yìnyín tán pátápátá, kó tó dá a padà sábẹ́ ara. Bí yóò ṣe fi etí òde yí kọ́nà. Bí yóò ṣe fẹ̀yìn sáré. Àti bí yóò ṣe dúró lójijì, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọmọ tí kò mọ bí a ti ń dúró, ara ògiri pápá ni yóò ti dúró. Ta ni yóò pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní fáàrí?

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á gba owó ìforúkọsílẹ̀, wọn á fi ìdíje kún gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, wọn á sì fi ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ aládàáni tó ń gba owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ olówó á lọ. Ọmọ nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ á jókòó sílé. Nígbà tí ọjọ́ àṣàyàn bá dé, wọn á mú ẹni tó mọ̀ ọ́n sá, wọn á ní ẹ̀bùn àbínibí ni. Ẹ̀bùn kọ́ o, owó ni.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá ni kó lọ sanwó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí Bob Nystrom ti ẹgbẹ́ New York Islanders. Nígbà tó ti ń fi họ́kì jẹun, ní àwọn ọdún 1970, ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ Laura Stamm, olùkọ́ obìnrin. Ní ọdún 1980, òun ló gbá góòlù tó fi ife Stanley àkọ́kọ́ lé ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́. Bí àgbàlagbà tí wọ́n ń sanwó oṣù fún bá nílò ẹ̀kọ́ yìí, báwo ló ṣe di àṣejù fún ọmọ ọdún mẹ́jọ? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn mìíràn á ní yìnyín wọ́n, òbí tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Òótọ́ ni, n kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí ẹgbẹ́ gba olùkọ́ kan fún gbogbo ọmọ. Ẹ kó ikọ̀ mẹ́ta pọ̀ sórí pápá kan. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀. Ẹ yọ ìdíje kan kúrò, kí ẹ fi owó rẹ̀ san owó olùkọ́. Bí wọ́n bá ní ó ń sú àwọn ọmọ, ẹ sọ ọ́ di eré lé-mi-kí-n-lé-ọ, ẹ ó rí i bóyá yóò sú wọn.

Ẹ̀yin òbí Yorùbá ní Toronto, Calgary àti Edmonton, ẹ má jókòó sẹ́yìn nínú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ nítorí pé ẹ ka ara yín sí àlejò. Ẹni tó sanwó kì í ṣe àlejò. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹ béèrè: ta ni yóò kọ́ ọmọ mi ní sísáré? Wákàtí mélòó? Ṣé ó wà nínú owó tí mo san yìí? Bí wọn kò bá rí ìdáhùn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé, kí ẹ sì ní kí wọ́n dìbò lé e lórí.