Ike àti oró inú omi: Àwọn ọmọ ẹja ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀

Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde nínú oṣù kìíní, ọdún 2024, pé àwọn ti fòfin de ike funfun fúkẹ́fúkẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì fún oníbàárà, ọ̀rọ̀ gọ́tà tó ń dí àti àgbàrá tó ń wọlé onílé ló gba ẹnu gbogbo èèyàn kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 2025, nígbà tí òfin kan ife àti ṣíbí àlòdànù, sítíróò tí wọ́n fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọjà. Àwọn kan ń ṣàròyé pé òfin náà yóò pa òwò àwọn lára, àwọn mìíràn ní ó pẹ́ kó tó dé. Ẹja ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ nínú gbogbo àríyànjiyàn náà.

Bẹ́ẹ̀ inú ọ̀sà ni púpọ̀ nínú gọ́tà Èkó ń da ẹrù rẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Ọ̀sà náà kò jìn rárá. Ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju mítà 3 lọ. Omi òkun ń bá ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté wọ inú rẹ̀, omi odò Ògùn náà ń ti òkè wá bá a. Irú omi àdàlù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja fẹ́ràn láti fi ṣe ilé ìtọ́mọ. Inú rẹ̀ ni ọmọ agbódò ti ń dàgbà kó tó padà sí òkun. Nítorí náà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹja nínú ọ̀sà kò ní í pẹ́ kó tó hàn nínú àwọ̀n apẹja.

Ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin lè má ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ ní gígùn. Ó gbé oúnjẹ díẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn jáde, èyí tí yóò tó o jẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ìyẹn bá ti tán, kò sí ìyá tí yóò wá oúnjẹ fún un. (Ti epìyà inú ọ̀sà yàtọ̀ díẹ̀: bàbá ni í fi ẹnu kó ẹyin àti ọmọ mọ́ra títí wọn yóò fi lè dá wẹ̀.) Ọmọ náà ní láti máa ṣọdẹ àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú omi, tí ojú wa kò lè rí. Bí kò bá rí wọn jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó parí fún un nìyẹn. Kódà nínú omi tó mọ́ lóló, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dàgbà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin tí ìyá ẹja kan yé.

Ibi yìí gan-an ni ike ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rá àti ike kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn ni yóò sá a gbẹ, ìgbì ni yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, títí èérún rẹ̀ yóò fi tóbi bákan náà pẹ̀lú oúnjẹ tí ọmọ ẹja ń wá. Ọmọ ẹja tó gbé e mì ti fi ohun tí kò ní èròjà kankan dí ìwọ̀nba ikùn tó ní.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí omi òkun tó yí erékùṣù Hawaii ká ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yẹ àwọn ibi tí ojú omi ti máa ń dán bí ẹni da òróró sí i wò, níbi tí ìṣàn omi ti ń kó nǹkan jọ. Àwọn ibi wọ̀nyí kò ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ojú omi náà lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ẹja ojú omi ló kóra jọ síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Ibẹ̀ náà ni nǹkan bí ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún èérún ike wà. Èérún ike 7 sí ọmọ ẹja 1! Nígbà tí wọ́n la àwọn ọmọ ẹja náà wò, ìdá 8.6 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ti gbé ike mì.

A kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé ọmọ ẹja fẹ́ràn ike ju oúnjẹ gidi lọ. Ìròyìn náà kárí ayé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan tí wọ́n wà ní ibùdó ìwádìí ọ̀hún ní ohun tí àwọn fojú rí kò bá ohun tí wọ́n kọ mu. Ní ọdún 2017, ìwé ìròyìn náà fa iṣẹ́ wọn yọ, yunifásítì wọn sì dá wọn lẹ́bi. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún àwọn olóòótọ́ ni, nítorí èyí tí wọ́n rí ní Hawaii ti burú tó láìsí àbùmọ́.

Ti ike ṣì sàn, ojú ń rí i. Ní agbègbè Seattle ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí ẹja coho ti ń kú lójijì bí òjò bá ti fọ títì wọ odò, kí wọ́n tó ráyè yé ẹyin wọn. Ọdún 2020 ni àwọn onímọ̀ tó rí ìdí rẹ̀: kẹ́míkà kan tí wọ́n ń fi sínú táyà mọ́tò kó má baà tètè sán ni, tí afẹ́fẹ́ ń sọ di oró. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló ń pa ọmọ coho. Kì í ṣe gbogbo ẹja ló ń pa bẹ́ẹ̀, nítorí ẹja chum, tó jẹ́ ìbátan coho, ń wẹ̀ nínú omi kan náà láìkú. Ẹni tó bá mọ iye táyà tó ń yí lórí títì Èkó lójúmọ́, àti ibi tí àgbàrá títì wọ̀nyẹn ń ṣàn sí, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá.

Epo rọ̀bì náà ń ṣe tirẹ̀. Ìwádìí lẹ́yìn èyí tó dà sí òkun Alaska ní ọdún 1989 fi hàn pé ó ń ba ọkàn ọmọ ẹja jẹ́ láti inú ẹyin. Ìlàjẹ tiwa ńkọ́, níbi tí kànga epo Ororo-1 ti bú gbàù nínú òkun ní ọdún 2020, tí iná rẹ̀ sì ń jó fún ọ̀pọ̀ ọdún?

Lójú tiwa, ohun tí ojú rí nìkan ni òfin Èkó mú. Kò kan ọ̀rá omi inú ọ̀rá, èyí tó pọ̀ nínú gọ́tà, kò sì kan àgbàrá títì. Bí ìjọba bá lè fi àwọ̀n irin dí ẹnu àwọn gọ́tà ńláńlá kí wọ́n tó kan ọ̀sà, tí wọ́n sì ń ka ọmọ ẹja inú ọ̀sà lọ́dọọdún bí wọ́n ṣe ń ka owó orí, a óò mọ̀ bóyá òfin náà ń ṣiṣẹ́.

Ó ní ibi tí wọ́n ti ṣe irú kíkà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2001 sí 2003, àwọn onímọ̀ ní Kánádà mọ̀ọ́mọ̀ ń da èròjà inú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sínú adágún omi kékeré kan, ní ìwọ̀n tó kéré jọjọ, irú èyí tó ń bá omi ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú wọ odò. Àwọn akọ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tó jẹ́ ti abo lára, ọmọ kò wáyé mọ́, ẹja kékeré tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán. Wọ́n dáwọ́ oògùn náà dúró. Láàárín ọdún mélòó kan, ẹja náà tún kún inú adágún. Oògùn máa ń ṣá nínú omi. Èérún ọ̀rá tó ti rì sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà Èkó láti ogún ọdún sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀.