Ẹni Tí Ó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ A Bá A Dákẹ́



Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba kéde pé àwọn yóò gé lára owó ìrànwọ́ tí àwọn aláàbọ̀ ara ń gbà. Àwọn aláàbọ̀ ara kò jókòó sílé sunkún. Wọ́n jáde, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúró tì wọ́n, àwọn aṣòfin inú ẹgbẹ́ ìjọba pàápàá yarí. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, ìjọba ti fà sẹ́yìn lórí èyí tí ó le jù níbẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ fagi lé gbogbo rẹ̀.

Ẹnìkan ní Sùúrùlérè lè sọ pé, "Èwo ló kàn wá níbẹ̀? Ta ní ń san nǹkan kan fún wa tí wọn yóò gé?" Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Àwa náà ní òfin, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF. Kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ ti inú owó tiwa jáde. Ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ títí ayé, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni kí ó máa gbà lóṣooṣù. Kasúà wà nínú òfin yìí, ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ kọlù bí ó ti ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ arákùnrin wa kan tí ó jẹ́ kasúà. Ọ̀gá fún un ní owó táṣẹ́rẹ́, ó ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé pé òun kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Àtàǹpàkò tí ó ṣẹ́ kù ló fi tẹ̀ ẹ́. Lójú òfin, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi gbọ́, ọdún kan tí òfin fi sílẹ̀ láti béèrè ti kọjá. Ẹ̀bi tiwa náà ni: a kò kọ́ ọ.

Ní Ìlú Ọba, ìjọba ló mú àlùmọ́gàjí. Níhìn-ín, àìmọ̀ àti ìbẹ̀rù ló ń gé tiwa, kò sì sí ẹni tí ń pariwo.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fara pa, kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé. Ọjọ́ 7 ni ọ̀gá náà ní láti fi tó àjọ létí. Kí ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má tẹ̀ka síwèé kankan kí a tó rí i. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún rìsíìtì owó tí wọ́n ń san. Kí ìjọba pẹ̀lú dìde sí agbanisíṣẹ́ tí kò san.

Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.